Òjò Dídì Inú Oṣù Kẹfà

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun fi ẹsẹ̀ gun òkè fún wákàtí mẹ́ta, tí òun gbé pátákó gígùn méjì kọ́ ẹ̀yìn bí ẹni tí ó ru igi ìdáná, kìkì nítorí kí òun lè yọ̀ lórí òjò dídì fún ìṣẹ́jú kan péré, ó ṣeé ṣe kí ẹ bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ yá. Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀ kí n tó bá wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí ni bí àwọn ènìyàn kan ní ilẹ̀ Scotland ṣe máa ń wá ìyókù òjò dídì kiri orí òkè nígbà tí ìgbà òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀, àti ohun tí ó gbé abilékọ tí ó fi ọmọ sílẹ̀ nílé, bí irú tèmi, dé àárín wọn.

Síkì ni wọ́n ń pe pátákó náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ sì tẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. A ó de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ bàtà líle tí ó ga dé ojúgun, a ó mú ọ̀pá méjì lọ́wọ́, a ó sì jẹ́ kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè fúnra rẹ̀ gbé wa lọ sísàlẹ̀. Nígbà òtútù, ẹ̀rọ ni ó ń fa àwọn tí ń ṣe eré yìí gòkè. Bí wọ́n bá ti yọ̀ wálẹ̀ tán, ẹ̀rọ a tún fà wọ́n padà. Nígbà tí oṣù kẹfà bá fi dé, àwọn ẹ̀rọ náà ti dákẹ́, koríko ti hù, àgùntàn ti ń jẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn tí eré náà ti wọ̀ lẹ́jẹ̀ nìkan ni ó kù, ẹsẹ̀ ara wọn ni ẹ̀rọ wọn.

Ẹ má ṣe rò pé yìnyín tí ó máa ń bọ́ lu páànù wa ni mo ń wí. Tiwa a máa le bí òkúta wẹ́wẹ́. Tiwọn a máa rọra bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú àràbà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń ṣe ìyókù iṣẹ́ náà. Afẹ́fẹ́ a gbá a kúrò lórí ibi tí òkè ti tẹ́jú, a kó o jọ sínú àwọn kòtò tí ó kọjú sí àríwá àti ìlà-oòrùn, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Ibẹ̀ ni yóò ti máa tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò sì máa ga sí i, títí òmíràn yóò fi jìn ju ilé alájà lọ. Nígbà tí gbogbo òkè bá ti dúdú, ti kòtò wọ̀nyí yóò ṣẹ́kù bí àbùlẹ̀ funfun lára aṣọ àgbàlagbà.

Bí àbùlẹ̀ náà bá ti ń yọ́ lọ́sàn-án tí ó sì tún ń dì lóru fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe òwú mọ́. Ó ti di hóró-hóró bí gàrí. Láàárọ̀, ó le bí gàrí tí ó ti dì mọ́ ìdí àpò. Bí oòrùn bá pa á díẹ̀, a rọ̀ níwọ̀nba, síkì a sì gbà á dáradára. Bí ó bá pẹ́ jù, a di gàrí tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ a sì máa rì. Ẹni tí ó mọ wákàtí tí gàrí náà rẹ dé ojú ìwọ̀n ni ọ̀gá nínú eré yìí.

Ọdún 2015 ni mo wà ní Edinburgh fún oyè kejì nínú ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé. Mo jẹ́ ẹni ọdún 26 nígbà náà. Ọkọ mi wà ní Àkúrẹ́, ọmọ wa, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì, sì wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Oǹdó. Opó ẹni ọdún 63 kan ni onílé mi, obìnrin tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ oúnjẹ sísè ní ilé ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ wọn, orúkọ ni ọmọdé fi ń pe àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Màmá ni mo ń pè é. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó yá, bí mo bá pè é ní ohun mìíràn, kì í dáhùn.

Màmá àti ọkọ rẹ̀ ti bá ara wọn pinnu nígbà èwe pé kò ní sí oṣù kan tí yóò kọjá lórí àwọn láìjẹ́ pé àwọn fi síkì tẹ òjò dídì, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 2009. Ó ń bá ìpinnu náà lọ ní òun nìkan. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé àwọn bí tirẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Scotland. Oṣù kìn-ín-ní kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹwàá ni a fi ń mọ ẹni tí ó ní ìfaradà.

Nígbà tí ó ní kí n bá òun lọ, mo ti kọ́ síkì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní Hillend, ní ẹ̀bá Edinburgh, níbi tí wọ́n ti tẹ́ ohun kan tí ó dà bí búrọ́ọ̀ṣì oníke sí ara òkè kí ènìyàn lè kọ́ eré náà láìsí òjò dídì rárá. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù. Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Ṣé yìnyín ni a rán ọ lọ kà níwèé ni?” Ó tún dákẹ́. “Ìwọ tí o ní ọmọ nílẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Màámi. Ẹni tí mo bá lọ mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ owó.”

Ọ̀rọ̀ ìyá mi kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ mi wà. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí mi, òun ni yóò tọ́ ọ. Síbẹ̀, ẹ̀yin ìyá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Ọkọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó tilẹ̀ rọ́ ẹsẹ̀ nídìí rẹ̀ rí, n kò sì rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bi í pé ta ni ó fi ọmọ sílẹ̀ fún. Bí obìnrin bá ti bímọ, a máa ń rò pé ara rẹ̀ ti di ohun èlò ilé, tí kò yẹ kí ó gbé e jáde fún eré. N kò gbà bẹ́ẹ̀, n kò sì ro pé n ó gbà á láéláé. Èwo ni ó kàn mí nínú ìjà yìí ju pé kí n lọ, kí n sì padà wálé?

Aṣọ ni Màmá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ní kí n bọ́ ṣòkòtò jíǹsì mi sílẹ̀ àti gbogbo ohun tí a fi òwú hun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ yóò tètè mọ ìdí rẹ̀. Òwú a máa mu omi, a sì máa mú un dání. Bí aṣọ tútù bá sì lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára, omi a máa kó ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju bí afẹ́fẹ́ ti ń ṣe lọ. Irun àgùntàn kò rí bẹ́ẹ̀: ó lè mu omi tí ó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí a tó mọ̀ lára pé ó tutù. Ní gbogbo 1,000 mítà tí a bá gùn, ooru a máa dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìlú tí a ti gbéra lè móoru bí òwúrọ̀ ọyẹ́ ní ilé wa, kí a dé òkè kí a máa gbọ̀n. Màmá tún fún mi ní gíláàsì dúdú àti ìpara oòrùn. Ọ̀pọ̀ wa rò pé àwọ̀ dúdú kò mọ oòrùn lára. Òjò dídì a máa dá ìmọ́lẹ̀ padà láti ìsàlẹ̀ bí dígí, abẹ́ àgbọ̀n àti ìdí imú ni ó sì ti ń jó ènìyàn.

Oúnjẹ di tèmi. Bísíkíìtì ọkà ótì àti wàràkàṣì ni Màmá máa ń gbé, ṣùgbọ́n mo po àádùn: mo yan àgbàdo, mo lọ̀ ọ́, mo fi epo pupa tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà pò ó, mo sì fi ata díẹ̀ àti iyọ̀ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ó fi dára fún òkè, ìwọ̀n gíráàmù kan ọ̀rá ń fún ara ní kálórì 9, nígbà tí ti oúnjẹ afáralókun jẹ́ 4. Ẹrù kékeré ni, agbára rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè bàjẹ́. Àwọn ìyá wa tí ń gbé e lọ sí oko kò ka kálórì.

A wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Aviemore, a sun ibẹ̀, a sì wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè Cairn Gorm, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 1,245 mítà. Rélùwéè kan wà tí wọ́n kọ́ sí ara òkè náà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí èrò tí ó bá wọ̀ ọ́ nígbà ooru bọ́ sórí òkè bí ó ti wù ú, kí ẹsẹ̀ má baà pa ewéko ibẹ̀ run. Ẹsẹ̀ ni a fi gùn ún. Ọmọ Oǹdó ni mí, mo ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò ru bàtà tí ó wúwo bí odó rí.

Ìkùukùu ṣú bò wá nítòsí orí òkè. N kò rí ju ẹ̀yìn Màmá lọ. Ó dúró, ó mú àwòrán ilẹ̀ àti kọ́ńpáàsì jáde, kò sì yára rárá. Ibẹ̀ ni ó ti sọ fún mi nípa oṣù kọkànlá ọdún 1971, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ 5 láti Edinburgh àti ọ̀dọ́langba olùrànlọ́wọ́ olórí wọn kú sínú ìjì òjò dídì lórí ilẹ̀ títẹ́jú tí ó wà lẹ́yìn òkè náà. Ó jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà. Ó ní gbogbo Edinburgh ni ó ṣọ̀fọ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù bà mí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ṣàlàyé ìdí tí òun fi ń wo kọ́ńpáàsì.

Ciste Mhearad ni wọ́n ń pe kòtò tí a lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí àpótí Margaret. Nígbà tí ìkùukùu ká, mo rí i nísàlẹ̀ wa, funfun tí eruku ti sọ di aláwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ sì rí gbúngbùn-gbúngbùn bí ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ń pariwo ayọ̀, wọ́n ń yọ̀ láti òkè délẹ̀. Màmá kò sọ nǹkan kan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rìn lọ sí ìsàlẹ̀, ó fi ọ̀pá gún òjò dídì náà níbí, ó gún un lọ́hùn-ún. Lókè, ó dún bí ilẹ̀. Nísàlẹ̀, ó dún bí akèrègbè òfìfo. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ odò tí ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀.

Òjò dídì kì í yọ́ láti òkè nìkan. Omi tí ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá a máa gbẹ́ ẹ bí ikán ti ń gbẹ́ òpó: ojú rẹ̀ a funfun, a mọ́, inú rẹ̀ a sì ṣófo. Ẹni tí ó bá já bọ́ sínú rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú odò tútù, pẹ̀lú òrùlé yìnyín lórí. Màmá mú ìborùn pupa rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí òjò dídì, ó fi òkúta tẹ̀ ẹ́, ó sì ní, “Ibi yìí ni òpin ayé.” Ó ti gé ohun tí ó lé ní ìdajì kúrò nínú ohun tí a wá. Ó pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó sọ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì tún yọ̀ kọjá ìborùn. Ní ìgbà kejì ni ẹsẹ̀ ọ̀kan wọlé dé itan. Èkejì àti Màmá ni wọ́n na ọ̀pá sí i tí wọ́n fi fà á jáde. Kò ṣèṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ funfun ju òjò dídì lọ.

Èmi? Ìgbà mẹ́rin ni mo yọ̀, mo sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹta, síkì mi dáhùn nígbà tí mo tẹ ẹsẹ̀ òsì, ó yí, mo tẹ ọ̀tún, ó tún yí, mo sì dúró níwájú ìborùn náà fúnra mi. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè wa fi ń pe kí ẹsẹ̀ yọ̀ àti kí inú yọ̀. N kò fura sí i rí títí di ọjọ́ náà.

Màmá yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yí síkì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, wẹ́lo-wẹ́lo, láìyára, ó bọ́ ọ, ó jókòó sórí àpáta, ó sì da tíì sínú ife méjì. Ó mú àádùn, ó jẹ ẹ́, ata ta á, ó tún bù sí i. “Oṣù kẹfà ti wọlé,” ni ó wí. Kò dárúkọ ọkọ rẹ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ kọjá kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, a sì ti padà dé Aviemore. Mo pe ìyá mi. Ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ gba fóònù.

Ọdún tí òjò dídì pọ̀ ni 2015 yẹn: àbùlẹ̀ tí ó lé ní 70 ni kò tíì yọ́ ní Scotland nígbà tí òjò dídì tuntun bọ́ lé wọn lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àbùlẹ̀ kan wà lórí òkè Braeriach, tí wọ́n ń pè ní Sphinx, tí ó jẹ́ alágídí jù lọ nínú wọn. Nínú gbogbo ọ̀rúndún tí ó kọjá, ọdún 1933, 1959 àti 1996 nìkan ni a mọ̀ pé ó yọ́ tán. Láàárín ọdún 2017 sí 2024, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ó yọ́ tán, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì tẹ̀ léra wọn. Ayé ń gbóná sí i, àwọn àgbà àbùlẹ̀ ni ó sì ń kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i.

Ní ọdún 2023, Màmá, tí ó ti pé ẹni ọdún 71, kọ̀wé sí mi nínú oṣù kẹfà. Ó ní òun wá òjò dídì kiri fún odindi ọjọ́ kan, èyí tí òun sì rí kò fẹ̀ ju ẹní méjì lọ. Ó de síkì rẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan lórí rẹ̀, ó sì bọ́ sínú koríko ní apá kejì. Ó ní ó kà. Ó wá béèrè bóyá mo lè kọ bí mo ṣe ń po àádùn ránṣẹ́, kí n má sì gbàgbé láti sọ iye ata.