Ilé Ọkọ̀ Àtijọ́ ní Àkókó

Àtíbàbà páànù tí wọ́n fà yọ lára ògiri ẹ̀yìnkùlé ni ó sábà máa ń jẹ́ ilé ọkọ̀ àtijọ́ ní Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Ìṣùà Àkókó.

Abẹ́ rẹ̀ ni Peugeot 504 máa ń wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, tàbí Volkswagen ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún kan náà.

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ìjàpá wà, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń mú un tutù, nítorí náà kò ní rédíétọ̀, ìyẹn àgbá omi tí ó máa ń hó nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá ń gun òkè Ọ̀kà.

Irinṣẹ́ ibẹ̀ kò pọ̀: jáàkì, sípánà, àti agolo pẹtiróò tí wọ́n fi ń fọ kabúrétọ̀, èyí tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó jó o. (Ìjókòó ọkọ̀ tó ti gbó ni àga àlejò.)

Lónìí, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n tó ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ta ni ó ṣì mọ kabúrétọ̀ tún ṣe dáadáa ní àdúgbò yín?