Kí A Tó Bi Ọmọ Pé Mélòó Ni Ó Gbà

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlọ́yẹ̀dé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, sunkún níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá. Ó jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wọ inú èsì ìdánwò àṣewọ yunifásítì ọdún náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni ọ̀rọ̀ kàn, 206,610 nínú wọn sì jẹ́ ti Èkó. Kí àtúnṣe tó dé, ìròyìn ti kàn pé ọmọbìnrin kan ní Ìkòròdú gba ẹ̀mí ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó rí máàkì tirẹ̀.

Ilé mi ní GRA Ìkẹjà ni mo ti gbọ́. Omijé bọ́ lójú mi, nítorí mo rántí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde láyé.

Ọmọ tí ó mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó fẹ́ wọ yunifásítì, kì í sùn lóru. Mo rò pé ìwé ni ó ń kà. Ní ọjọ́ ìdánwò, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wo ìbéèrè kan náà títí àkókò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Máàkì 131 nínú 400 ni ó mú wálé. Mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo ní ó ń fi ikú ìyá rẹ̀ ṣe àwáwí. Kò dá mi lóhùn. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìyá tí ó ń bá wa dáná ni ó là mí lójú. Ó ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ojoojúmọ́ ni mo ń da oúnjẹ ọmọ yìí nù. Kò ya ọ̀lẹ o, ara rẹ̀ ni kò yá."

LASUTH kò jìnnà sí wa, àwọn dókítà tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ sì wà níbẹ̀. Síbẹ̀, oṣù mẹ́ta kọjá kí n tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní Èkó, bí wọ́n bá ní kí ènìyàn lọ sí Yábàá, gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má pe ọmọ mi ní wèrè. Dókítà ní ìbànújẹ́ rẹ̀ ni ó ti di àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú.

Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ni ó ń rí ojú tí kò ríran. Ọkàn tí ó ṣókùnkùn, ẹni tí ó ni ín nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Máàkì ọjọ́ kan kò lè sọ ọ́ fún wa.

Ọmọ mi tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún kejì, ó sì wọlé. Ohun tí mo dúpẹ́ fún jù ni pé ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ìdánwò ní ọdún mìíràn, ẹ̀mí kò ní ààrọ̀. Kí ẹ tó bi ọmọ pé mélòó ni ó gbà, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń jẹun. Bí ó bá ní rárá, ẹ má ṣe dúró fún oṣù mẹ́ta bíi tèmi.