Ìsinmi Wa ní Àgbádárìgì

Ní àkókò ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, àwọn aládùúgbò wa kan ní Yaba mú àwọn ọmọ wọn lọ sí ìlú Òyìnbó. Àwa kò ní agbára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi pinnu láti kó wọn lọ sí Àgbádárìgì, kí wọn lè gba afẹ́fẹ́ òkun sára lábẹ́ igi àgbọn, kí wọn sì rí bí àwọn apẹja ti ń fa àwọ̀n. A jí ní kùtùkùtù, a wọ ọkọ̀, a sì gba Mile 2 kọjá.

Inú àkọ́bí wa dùn púpọ̀. Ọdún mẹ́rin ni ó ti ń pọnmi fún àwọn àgbà ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń gbé, tí wọ́n sì ń nà án. Ó wí fún àbúrò rẹ̀ nínú ọkọ̀ pé, "Bí a bá wọlé, ó kàn mí. Àwọn kékeré ni yóò máa pọnmi fún mi." N kò dá a lóhùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé ọ̀wọ́n, ilé méjì ni a wò níbẹ̀. Èkíní ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí ní ọdún 1845, èyí tí a ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún náà ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú yìí. A ti kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, a tà á fún àwọn Potogí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ ní 1822. Nígbà tí ó padà, ìwé àti ìyìn rere ni ó mú bọ̀.

Èkejì ni ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass, tí ó kú ní 1919. Ìtàn wí pé a ta òun náà lẹ́rú ní èwe rẹ̀, a sì mú un dé ilẹ̀ Brazil. Nígbà tí ó padà, òwò ẹrú ni ó ń ṣe. Iyàrá 40 ni wọ́n ní ó wà nínú àgbàlá náà, tí a ń há ènìyàn mọ́ kí a tó gbé wọn rékọjá ọ̀sà lọ sí etí òkun.

Nígbà tí a jáde, àkọ́bí wa bi mí pé, "Bàbá, àwọn méjèèjì ni a tà. Kí ló dé tí ọ̀nà wọn fi yà?"

Mo ní, "Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àwọn méjèèjì ti mọ bí ó ti ń dun ni. Mímọ̀ nìkan kò tó. Olúkúlùkù ni yóò yan ohun tí yóò fi ìrora rẹ̀ ṣe."

Ó dákẹ́ títí a fi rékọjá ọ̀sà.

Ní ọjọ́ tí ó ń di ẹrù padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ó ní kí ìyá òun fi garawa kejì kún un, nítorí àwọn ọmọ tuntun mìíràn kì í ní. Bóyá yóò lè dúró lórí rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ọjọ́ ni yóò sọ. Àwa ń gbàdúrà fún un. Ẹ̀yin òbí, Àgbádárìgì kò jìnnà. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ, kí ẹ sì fi ilé méjèèjì hàn wọ́n, kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo.