Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lọ Kùtọnú, Ẹ Má Jẹ́ Kí Owó Ọjà Tán Sórí Oorun

Ẹni tó bá ní torí òun ò gbọ́ Faransé lòun ò ṣe lè ná ọjà Kùtọnú, ẹ ní kó fọkàn balẹ̀. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ yàà. Owó ni kẹ́ ẹ ṣọ́ o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà! Séfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀.

Ìjọba ibẹ̀ ti ní àwọn ó kó ọjà Dantokpa kúrò létí ọ̀sà, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí irú ọjà tẹ́ ẹ fẹ́ rà wà, kẹ́ ẹ wá gba ilé àlejò sítòsí rẹ̀, kí ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní sémíjàn, má baà jẹ èrè yín. Yàrá onífáànù kì í wọ́n tó èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ wò ó ná, kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ti oúnjẹ, àkàsà wọn, ẹ̀kọ wa yìí náà ni. Amiwo gan-an ni kẹ́ ẹ tọ́ wò: ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi tòmátò àti omi adìẹ rò, tó pọ́n dáadáa. Ẹni tó bá fi adìẹ díndín jẹ ẹ́ lè gbàgbé ọkọ nílé!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, etíkun Fidjrossè lèrò ń rọ́ lọ. Ẹ jókòó, ẹ jẹ ẹja, ṣùgbọ́n ẹ má wọ omi, òkun ibẹ̀ a máa fa èèyàn lọ. Ẹni tówó ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́, kó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Calavi lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí ọ̀sà Nokoué. Inú ọkọ̀ làwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń tajà. Ẹ ná owó àlọ àtàbọ̀ pọ̀, kí wọ́n má baà dé àárín omi kí wọ́n ní owó àbọ̀ yàtọ̀.