Eré Tó Bá Gbogbo Wa Mu

Pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ Èkó tẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè lórí kẹ̀kẹ́ ológeere níbẹ̀, orí afárá ló máa lọ. Ìdí nìyí tí àwa mẹ́rin fi mú ọ̀nà afárá Fálómọ̀ pọ̀n láàárọ̀ Sunday, kí dánfó tó gba títì.

Campos Square la ti gbéra. Ọmọ Àgùdà, ìran àwọn tó ti Brazil padà wálé, ni ẹ̀gbọ́n tó dàgbà jù nínú wa, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Balógun. Dókítà ló ní kí wọ́n máa ṣeré ìdárayá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àbúrò wa ní tirẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń wa kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Agbára èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà láàárín tàwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ tẹ táyà wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n sókè díẹ̀.

"Ẹ tẹ pẹ́dà délẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, kí orúnkún má baà dùn yín."

Ẹ̀gbọ́n la fi síwájú, kí eré wọn lè jẹ́ eré gbogbo wa. Ní Kákàwá, wọ́n nawọ́ sí Water House, wọ́n sọ bí João Esan da Rocha ṣe ti Brazil dé, tí ará Èkó sì ń ra omi kànga ilé rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ tán láìmí hẹlẹ. Nọ́ọ̀sì ní eré tó bá wọn mu gan-an nìyẹn: ẹni tó bá ṣì lè sọ̀rọ̀ já geere lórí kẹ̀kẹ́, ọkàn rẹ̀ kò tíì ṣe àṣejù.

A gba Marina, Oníkàn àti òpópónà Awólọ́wọ̀ dé ẹsẹ̀ afárá Fálómọ̀. Ibẹ̀ la ti tú ká. Ẹ̀gbọ́n yí jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù, wọ́n ń gùn ún díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu wọn. Àbúrò sáré kọjá sí Victoria Island, ó gba ọwọ́ kejì padà, ó tún afárá gùn. Òun náà làágùn.

Nígbà tí gbogbo wa tún pàdé, tí a dé Ahmadu Bello Way, atẹ́gùn òkun kọjú sí wa. Àbúrò bọ́ síwájú, ẹ̀gbọ́n tẹ̀lé e, nítorí ẹni tó wà níwájú ló ń ya atẹ́gùn fún ẹni ẹ̀yìn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣeré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀. Ẹ má dúró de ẹni tí agbára yín dọ́gba. Kí ẹni tó lera gun afárá lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jọ padà wálé.