Owó èsúsú ìyá ẹ̀ ló fẹ́ẹ́ fi ra mọ́nítọ̀ olówó ńlá, àfi bí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe ní 'ó tó!'

Ẹni tí kò bá gbé létí òkun rí lè rò pé eré ọmọdé lásán ni géèmù táwọn ọ̀dọ́ ń gbá kiri. Ṣùgbọ́n ní Ayétòrò, nílùú àwọn Ìlàjẹ tó wà létí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, páànù ló wà lórí ẹ̀, ẹ̀rọ PS4 kan àti tẹlifíṣàn kan ló sì kó síbẹ̀. Táwọn ọmọ bá ti ojú omi dé nírọ̀lẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wọ́ lọ. Ẹni bá fẹ́ẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á sanwó, ẹni bá pàdánù á dìde fún ẹlòmíì. Owó yẹn ló fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, òun náà ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ kan.

Ayétòrò kì í ṣe ìlú tí wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fún bí ìgbà tó jẹ́ ará oko o. Lọ́dún 1947 làwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú náà dó, tí wọ́n ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí owó gbogbo wọn sì wà lójú kan. Àwọn ni wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, iná mànàmáná sì ti ń tàn lọ́dọ̀ wọn láàárín ọdún 1950 sí 1960, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Àmọ́ ayé ti yí. Òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé ẹ̀kọ́, ó ti gba itẹ́ òkú, ibi tí wọ́n ń pè ní àárín ìlú nígbà kan ti di ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá. Iná ìjọba náà, ẹ má wulẹ̀ bèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ iná, kó lọ tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀.

Òkun náà ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Lóru ọjọ́ kan, omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin náà. Kó tó dé ibẹ̀, ó ti dé orókùn. Ó rí PS4 gbé sá, torí pé ibi gíga ló gbé e sí, ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn náà wúwo, òun nìkan ò sì lè dá a gbé. Bó ṣe ń wá ẹni tó máa bá a gbé e ni ìgbì kejì dé, ó sì dojú ẹ̀ bolẹ̀. Wọ́n sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n tàn án, èéfín ló yọ. Omi iyọ̀ ti wọ inú ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó di pé ìyàwó ń yá gààrí jẹ, ìyá ẹ̀ pè é. Ẹja ni màmá náà ń yan tà, èsúsú tó ń dá láti ọdún kan àtààbọ̀ ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Owó tó fẹ́ẹ́ fi tún ilé ìyanjá ẹ̀ ṣe ni. Ó ka owó náà sí i lọ́wọ́, ó ní, "Ọmọ mi, owó ẹja nìyí o, kì í ṣe owó tí afẹ́fẹ́ fẹ́ wá. Ohun tí o bá rà, kó jẹ́ èyí tó máa bọ́ wa."

Ó ní, "Ẹ má fòyà, Màámi. Ẹ ṣeun, ẹ máa pẹ́ fún wa."

Bó ṣe wọkọ̀ ojú omi lọ sí Igbókòdá nìyẹn, tó wọ mọ́tò gba Òkìtìpupa àti Ọ̀rẹ̀, tó fi dé Èkó. Kọ̀ǹpútà Fílléèjì n'Íkẹjà ló forí lé. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, ibi tí wọ́n ti máa fa aṣọ èèyàn ya kó tó wọlé. Kò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin ọlọ́jà kan fi mú un lọ́wọ́. "Ṣíámáànù mi, géèmù lẹ fẹ́ẹ́ gbá, àbí? Ẹ wá wo baba wọn!"

Mọ́nítọ̀ ínṣì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló gbé kalẹ̀, ojú ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ẹ̀yìn ìgbá, iná aláwọ̀ pupa ń kọ mànà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní 1440p ni, 165 Hz ni, pánẹ́ẹ̀lì VA ni, kò sì sírú ẹ̀ ní gbogbo Ìlàjẹ. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló wọ ọmọkùnrin náà lára jù. Ó ti rí i lọ́kàn ẹ̀ báwọn ọmọ ṣe máa rọ́ wá láti Ugbónlà wá wò ó. Iye tí wọ́n pè é máa gbá owó ìyá ẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, kò ní ṣẹ́ kù ju owó mọ́tò lọ. Ó ti ń ki ọwọ́ bọ àpò kó tó rántí pé ẹ̀gbọ́n òun kan ń tún tẹlifíṣàn àti kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò yẹn. Ó ní kí ọlọ́jà fún òun níṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e wá. Ó wo mọ́nítọ̀ náà, ó wo àbúrò ẹ̀, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, kí lo fi ń gbá géèmù ẹ?"

"PS4 ni, Bùọ̀dá."

"Àwòrán mélòó ni PS4 máa ń gbé jáde láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan?"

Ọmọkùnrin náà ò rí èsì fọ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Àwòrán tẹ́ ẹ ń rí tó ń sáré lójú ẹ̀rọ, kò sáré níbì kan. Àwòrán tó dúró sójú kan ni, tí wọ́n ń gbé tẹ̀ léra kíákíá débi pé ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ lè pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n ń fi Hz kà. Èyí tó jẹ́ 60 Hz á pààrọ̀ ẹ̀ nígbà 60, èyí tó jẹ́ 165 Hz á ṣe é nígbà 165. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà alágbára, tó ń gbá géèmù oníbọn tí wọ́n ti ń yìn ara wọn níbọn ní wàrà-ǹ-ṣeṣà, á mọ ìyàtọ̀ ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n PS4 tó jáde lọ́dún 2013 kì í kọjá 60. Kódà PS5 tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2020, 120 ló mọ.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé abọ́ ẹ̀bà ọgọ́ta ni ìyàwó ẹ lè rò, tó o wá ra àga 165 sílé, ṣé àga ló máa sọ ẹ̀bà di púpọ̀?"

Ẹ̀rín pa àwọn tó wà nítòsí. Ọlọ́jà fajú ro.

Ó wá kan 1440p. Ojú mọ́nítọ̀, ààmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sínú ẹ̀, àwọn ààmì náà ló ń di àwòrán. Èyí tí wọ́n ń pè ní 1080p ní 1920 ní ìbú àti 1080 lóòró, ìyẹn ju mílíọ̀nù méjì lọ. 1440p ní 2560 sí 1440, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀. 4K tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́jọ. Bí ààmì bá ṣe pọ̀ tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó. Àmọ́ PS4 lásán ò mọ 1440p. 1080p ni yóò fi ránṣẹ́, mọ́nítọ̀ á wá máa nà án kó lè kún ojú ẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá na ṣẹ́ẹ̀tì ọmọdé sọ́rùn àgbàlagbà. Kò ní bára mu, àwòrán náà á máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Èèyàn á sanwó lé e, ohun tó máa rí ò sì ní mọ́ tó ti mọ́nítọ̀ 1080p tí kò tó o lówó. PS5 pàápàá, ọdún 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ ní 1440p.

Ẹ̀kẹta ni pánẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ sì lọ̀rọ̀ wà, torí ohun táwọn èèyàn kì í bèèrè nìyẹn. TN ló pọ̀jù nínú àwọn àtijọ́. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ó yára, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti ẹ̀gbẹ́ wò ó, àwọ̀ á ṣì pátápátá, ojú èèyàn á dà bíi ti ẹni tó gbowó òkú. VA mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe dúdú, dúdú ẹ̀ dúdú kirikiri, àmọ́ tí nǹkan dúdú bá ń sáré lójú ẹ̀, ó lè máa fa ìrù lẹ́yìn. IPS, tí ilé-iṣẹ́ Hitachi ti Japan gbé wọjà lọ́dún 1996, ibi yòówù téèyàn bá ti wò ó, àwọ̀ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yí. Àléébù tiẹ̀ ni pé dúdú ẹ̀ máa ń dà bí eérú lálẹ́. OLED ló dáa jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí owó gegere, ohun tó bá pẹ́ lójú kan níbẹ̀ lè fi àpá sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, nínú géèmù bọ́ọ̀lù, ibi tí wọ́n ń kọ góòlù sí kì í kúrò lójú kan láàárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀gbọ́n bi í pé, "Èèyàn mélòó ló ń jókòó síwájú mọ́nítọ̀ ẹ?"

"Méjì ló ń gbá a, Bùọ̀dá. Àwọn tó ń wòran lè tó mẹ́wàá, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń dúró sí."

"Àwọn tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn gan-an ló máa sanwó tó kàn. Tí wọn ò bá rí bọ́ọ̀lù, ilé ni wọ́n ń lọ. IPS lo máa rà."

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà dun ọmọkùnrin náà. Èyí tó ń kọ mànà yẹn ṣì wà lọ́kàn ẹ̀. Ó ní, "Bùọ̀dá, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i bó ṣe rẹwà ni?" Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé, "Mo rí i. Lọ́jọ́ tómi tún wọlé, ta ló máa bá ẹ gbé e?"

Ẹnu ọmọkùnrin náà wọhò.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n fi méjì sílẹ̀ nítorí pé kò sí ojú HDMI lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ PS4 ò ní ojú mìíràn tó lè fi gbé àwòrán jáde. Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ ínṣì mẹ́rìnlélógún ni wọ́n padà mú, IPS, 1080p, 60 Hz, èyí tí wọ́n ń lò lọ́fíìsì nílùú òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n tàn án fún ìdajì wákàtí. Ó fi ojú funfun hàn, ó fi dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tẹ̀ lé e, ó ń wá ààmì tó ti kú. Adáptọ̀ ẹ̀ kò sí nínú ẹ̀, ìta ló wà, èyí tó túmọ̀ sí pé tí jẹnẹrétọ̀ bá ṣe wèrè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ adáptọ̀ nìkan ló máa lọ, wọ́n á sì ra òmíràn. Iná tó ń jẹ ò ju ti gílóòbù àtijọ́ kan lọ. Kò ní ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ nínú, wọ́n bá ra sípíkà kékeré kún un. Gbogbo owó náà ò tó ìdajì iye ti ọlọ́jà àkọ́kọ́.

Nígbà tó délé, ìyá ẹ̀ wo páálí náà, ó ní, "Ṣé eléyìí náà ni gbogbo ìrìn àjò yẹn?" Ọmọ ò fèsì. Ó yọ owó tó ṣẹ́ kù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Màmá kà á, ó tún un kà, ó wá jókòó. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n ra pákó ilé ìyanjá.

Òkun tún ti ya wọ àdúgbò náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi apá kan gbé mọ́nítọ̀, ó fi èkejì di PS4 mú, ó sì gba orí afárá pákó lọ sílé ìyá ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù wà ní ṣíṣí níbòmíràn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ ra mọ́nítọ̀ géèmù, ohun tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kẹ́ ẹ wo ibi táwọn èèyàn máa dúró sí, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ti ọlọ́jà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń gbé létí òkun, ẹ kọ́kọ́ gbé e wò ná.