Jẹ Ohun Tí Àsìkò Bá Gbé Dé

Challenge,
Ìlọrin.
Oṣù Kẹjọ.

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé èlùbọ́ àti iṣu tí ò ń rà ní Kyoto ti fẹ́ gbé gbogbo owó ọwọ́ rẹ mì, àti pé oúnjẹ tí màmá onílé rẹ ń sè, ṣe lo kàn ń fọwọ́ tọ́ ọ wò. Jọ̀ọ́, jókòó ti màmá yẹn kí o jẹun.

Oúnjẹ ilé àwọn ará Jàpáànì kò ṣàjèjì tó bí o ṣe rò. Ìrẹsì, ọbẹ̀ olómi kan, àwo kéékèèké mẹ́ta, ó parí. Ewé òkun àti ẹja gbígbẹ tí wọ́n fá féléfélé ni wọ́n fi ń se omi ọbẹ̀ náà. Natto tí o ní ó ń rùn ńkọ́? Kòkòrò tíńtín tó ń ṣiṣẹ́ lára irú wa, Bacillus subtilis, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ lára sóyà tiwọn. Ẹni tó jẹ irú dàgbà kò gbọdọ̀ sá fún natto.

Tofu tí o sì kọ̀, ṣebí wàrà sóyà ni! Àwọn obìnrin tó ń ṣe é ní Ìlọrin níbí ń rẹ sóyà mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé e kaná. Bó bá ti ń hó, wọ́n á bu omi ògì kíkan sí i. Ojú ìkòkò yẹn ni kí èèyàn dúró sí: ohun tó funfun gbòò tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, omi á mọ́ lábẹ́, wàrà á dì sókè. Wọ́n á dà á sínú aṣọ, wọ́n á fún un, wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e. Omi tí wọ́n ń rí lára iyọ̀ òkun ni àwọn ará Jàpáànì ń lò dípò omi ògì. Tiwa ń wọnú epo gbígbóná, ó sì ń gba ata. O lè ṣe ìyẹn fúnra rẹ.

Ohun tó wù mí jù lára wọn ni bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àsìkò. Lọ́dún 2013, UNESCO kọ àṣà oúnjẹ wọn mọ́ ogún àṣà aráyé. Bí òtútù bá ń lọ, ọparun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni wọ́n ń jẹ. Bí ooru bá kásẹ̀ nílẹ̀, ẹja sanma. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa: àgbálùmọ̀ fún ọyẹ́, mángòrò fún ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Wàrà àwọn Fúlàní, tí ewé bọmubọmu ń mú dì, ìgbà òjò tí koríko tútù ni ó ń pọ̀. Ó ń dùn mí bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe ń fi owó gọbọi ra tòmátò nígbà tí kò sí lóko, tí wọ́n á sì kọjá lára ohun tó pọ̀ lọ́jà.

Ní Challenge báyìí, ẹ̀pà tútù tí wọ́n fi iyọ̀ sè tèèpo-tèèpo ti ń gba ipò lọ́wọ́ àgbàdo. Àsìkò yìí kan náà ni wọ́n ń fi iyọ̀ se sóyà tútù tèèpo-tèèpo lọ́dọ̀ yín. Rà á, kí o jókòó, kí o máa pa á jẹ.

Àmọ́ Mùsùlùmí ni ọ́, máa béèrè o. Mirin tí wọ́n ń dà sí ọbẹ̀, ọtí ni, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún màmá náà. Ẹja àti ewébẹ̀ kò lè wọ́n ọn.

Iṣu tuntun ti dé ọjà Ìpàta. A kò tíì gún un, omi ṣì pọ̀ lára rẹ̀; sísè àti dídín là ń jẹ. Ìrẹsì tuntun tiwọn máa tó jáde, omi wà lára òun náà. Tí o bá fẹ́ sè é, dín omi rẹ kù díẹ̀, kí o sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́ lásán kí o tó bu ọbẹ̀ sí i. Kọ̀wé sí mi bó ṣe rí lẹ́nu.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.